Un-, in-, dis-, mis-: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fara jọra

Lẹ́sìn Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń jẹun. Àwọn tó ń múra sílẹ̀ de ìdánwò WAEC àti JAMB ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń kọ́, àwọn òbí wọn náà kì í sì í fi mí lọ́rùn sílẹ̀ lórí WhatsApp. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń bi mí, aṣọ ló kàn máa ń pààrọ̀: ọ̀rọ̀ méjì ní ìdí kan, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wọn yàtọ̀, ìwé atúmọ̀ èdè ní "kò" ni àfòmọ́ méjèèjì túmọ̀ sí, ọmọ wá mú èyí tó wù ú, wọ́n sì fa ìlà pupa sí i. Mo kó àwọn tó máa ń wáyé jù jọ síbí, kí ọwọ́ mi lè sinmi.

Tíṣà, ṣé "kò" kọ́ ni gbogbo un-, in-, dis- àti mis- yìí túmọ̀ sí ni?

Rárá o. Àwa náà ní ju "kò" lọ, ìyẹn gan-an ló là mí lójú. Ẹ mú ọ̀rọ̀ ìṣe "lò". "A kò lo ife náà" yàtọ̀ sí "a kò lo ife náà mọ́". Ife àkọ́kọ́ lè ṣì wà nínú páálí tí wọ́n fi tà á. Ife kejì, a ti fi mumi títí kó tó di pé a pa á tì. Bí mo bá ní "wọ́n ṣi ife náà lò", wọ́n lò ó, àmọ́ kì í ṣe bó ṣe yẹ. Bó bá wá di "ìlòkulò", kò sẹ́ni tí yóò rò pé ọ̀rọ̀ rere là ń sọ.

Bí mo ṣe máa ń kọ́ ọ nìyí. Un- ni "kò" lásán. Dis- sábà máa ń jẹ́ "kò… mọ́": nǹkan náà ti wà rí, wọ́n mú un kúrò tàbí ó tú ká. Mis- ni "àṣì-" tó wà nínú àṣìṣe, àṣìsọ àti àṣìgbọ́: ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣìnà. Non- ni "kọ́": ó ń sọ pé nǹkan yìí kò sí nínú agbo yẹn, kò bú u, kò sì yìn ín. Mo ní "sábà" nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì kì í tẹ̀ lé òfin dópin. "Dishonest" kò túmọ̀ sí ẹni tó ti ṣòótọ́ rí. Síbẹ̀, ọmọ tó bá kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé "ṣé 'mọ́' wà níbẹ̀?" yóò gba máàkì ju ẹni tó ń há nǹkan sórí lọ.

"Unused", "disused", "misused", "abused". Orí mi ń fò.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nínú ìdáhùn òkè yìí. Ṣéènì tí ẹ rà tí ẹ kò tíì fi kọ́rùn, "unused" ni. Ojú irin àtijọ́ tí wọ́n ṣe dé Ìbàdàn ní 1901 lè ní ibùdókọ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ọkọ̀ kì í yà sí mọ́, tí koríko ti bo ojú rẹ̀. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ni "disused". Ẹ kò lè pè é ní "unused", nítorí àwọn bàbá bàbá wa ti gbé àpò kòkó gba ibẹ̀. Owó ìjọ tí wọ́n ní kí wọ́n fi ra jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fi kun ògiri, "misused" ni. Owó náà kò bọ́ sápò ẹnì kankan, ó kàn gba ọ̀nà tí kò yẹ ni. "Abused" ló ní ìwà ìbàjẹ́ nínú: ọmọdé tí wọ́n ń fìyà jẹ, oògùn tí wọ́n ń mu láìṣàìsàn, agbára tí olóyè fi ń tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀. "Ìlòkulò" gan-an ni.

Ọ̀kan tún fara pamọ́ síbẹ̀. "I am unused to the cold" kò ní í ṣe pẹ̀lú lílo nǹkan. Ó túmọ̀ sí pé òtútù kò mọ́ mi lára. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London ní oṣù kìíní yóò nílò gbólóhùn yẹn kíákíá.

Kí ló dé tí wọ́n fi máa ń kọ "disqualified" fún ẹnì kan, "unqualified" fún ẹlòmíràn?

"Unqualified" kò kúnjú ìwọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀: kò ní ìwé ẹ̀rí, kò kọ́ṣẹ́. "Disqualified" ti wọlé, ó ti ń sáré, wọ́n wá yọ ọ́, bóyá ó fi ẹsẹ̀ gba ojú ìlà ẹlòmíràn kọjá. Ẹ tún rí "mọ́" níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí "unqualified" ti di ìyìn. Ìbátan mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ kan pè mí ní alẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn ayẹ̀wé-owó-wò ti parí iṣẹ́ wọn, wọ́n sì kọ "unqualified opinion" sínú ìròyìn wọn. Ó rò pé wọ́n ní ilé-iṣẹ́ àwọn kò kúnjú ìwọ̀n, ó ti ń ro ibi tí yóò ti wáṣẹ́ míì. Mo rẹ́rìn-ín títí. Èsì tó dára jù lọ tí ayẹ̀wé-owó-wò lè kọ nìyẹn! "Qualify" ní ìtumọ̀ kejì: kéèyàn fi "ṣùgbọ́n" kún ọ̀rọ̀. "Unqualified opinion" ni èrò tí kò ní "ṣùgbọ́n" kankan nínú. Èyí tó yẹ kó já a láyà ni "qualified opinion", nítorí ìyẹn ló ń sọ pé ìwé yín dára, àmọ́ a rí nǹkan kan. Bákan náà ni "unqualified success": àṣeyọrí tí kò lábùlà.

Olùkọ́ ọmọ mi ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín "uninterested" àti "disinterested". Ẹ gbà á?

Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí, òótọ́ ni olùkọ́ náà sọ. Nínú ìdánwò, kò rí bẹ́ẹ̀.

Inú "interest" ni ìyàtọ̀ wà, kì í ṣe inú àfòmọ́ nìkan. Ọ̀rọ̀ náà lè túmọ̀ sí ìfẹ́ tí nǹkan ní lọ́kàn ẹni, ó sì lè túmọ̀ sí èrè tàbí ìpín tí ọwọ́ ẹni wà nínú rẹ̀. "Uninterested" ń sọ ti àkọ́kọ́: kò wù mí, kò kàn mí. "Disinterested" ń sọ ti èkejì: n kò ní nǹkan kan án jẹ níbẹ̀, ibi yòówù kó já sí, kò dùn mí, kò sì gbè mí. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé iwájú adájọ́, tí ọ̀kan nínú àwọn olùpẹjọ́ sì jẹ́ àna rẹ̀, adájọ́ yẹn kì í ṣe "disinterested" mọ́, ó yẹ kó gbé ẹjọ́ náà fún ẹlòmíràn. Bí adájọ́ bá sì ń sùn nígbà tí ẹlẹ́rìí ń sọ̀rọ̀, "uninterested" ni. Ẹ gbàdúrà kí ẹ bá adájọ́ "disinterested" pàdé, kí ẹ má bá "uninterested" pàdé.

Àwọn tó ń bínú pé àwọn ọ̀dọ́ ti ba "disinterested" jẹ́ kò mọ ìtàn rẹ̀. Láti ọ̀rúndún 17 ni àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan ti ń fi í pe ẹni tí nǹkan kò wù. Kì í ṣe Facebook ló dá a sílẹ̀.

"Unsatisfied" ńkọ́, àti "dissatisfied"?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí bùkà. Ọkùnrin kan jẹ àmàlà mẹ́ta, ó fọwọ́ nu ẹnu, ó ní kí ìyá olóúnjẹ fi méjì lé e. "Unsatisfied" ni: kò tíì yó. Ẹni tó jókòó tì í rí eṣinṣin nínú ewédú rẹ̀, ó ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ le. "Dissatisfied" ni: inú rẹ̀ kò dùn sí ohun tí wọ́n gbé fún un. Ti àkọ́kọ́ ṣì ń fẹ́ sí i, ti ìkejì ń wá ẹni tí yóò bá jà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyàtọ̀ "misplace" àti "displace"? Ọmọ mi kọ "My keys are displaced", wọ́n fún un ní òdo.

Òdo yẹn tọ́ sí i. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi síbi tí kò yẹ tí ẹ kò rántí ibẹ̀ mọ́, "misplaced" ni, "àṣì-" ló wà níbẹ̀. "Displace" ni kí agbára kan ti nǹkan kúrò ní àyè tó wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ "IDP" nínú ìròyìn: "internally displaced persons", àwọn tí ogun tàbí omíyalé lé kúrò nílé, ṣùgbọ́n tí wọn kò kọjá ibodè orílẹ̀-èdè wọn. Kò sẹ́ni tó gbàgbé ibi tó fi wọ́n sí. Wọ́n lé wọn ni.

Lórí WhatsApp, wọ́n ní "misinformation" ni mo fi ránṣẹ́, ẹlòmíràn ní "disinformation". Èwo ni kí n tọrọ àforíjì fún?

Ọkàn yín ló mọ̀. Bí ẹ bá gbà á gbọ́ nígbà tí ẹ fi í ránṣẹ́, tó wá di irọ́, "misinformation" ni: àṣìsọ. Bí ẹ bá mọ̀ pé irọ́ ni, tí ẹ sì fi ránṣẹ́ kí ẹ lè da ìlú rú tàbí kí ẹnì kan lè wọlé ìbò, "disinformation" ni. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá ọ̀rọ̀ kejì yìí, iṣẹ́ àwọn amí ìjọba ni wọ́n sì ń fi pè níbẹ̀. Ẹ fojú sí i: irọ́ kan náà lè jẹ́ "disinformation" lọ́wọ́ ẹni tó hun ún, kó sì di "misinformation" lọ́wọ́ ìyá àgbà tó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ.

Ìgbà wo ni kí n lo non-, ìgbà wo ni kí n lo un-?

Bí ẹ bá kàn fẹ́ pààlà, ẹ lo non-. Bí ìdájọ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, un- ni. Àwa Yorùbá mọ ọ̀nà yìí dáadáa. "Ọmọ Yorùbá kọ́ ni" kì í ṣe èébú, ó lè jẹ́ ọmọ Gánà. "Kò ṣe bí ọmọ Yorùbá" ni ẹ óò sọ tí ìdílé yóò fi pe ìpàdé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "non-American" àti "un-American". Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà gbé ìgbìmọ̀ kan dìde ní 1938 tí "Un-American Activities" wà nínú orúkọ rẹ̀, láti máa wá àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n ń ta ìlú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ fíìmù Hollywood tí wọ́n pè síwájú rẹ̀ ní 1947, ọmọ bíbí Amẹ́ríkà ni wọ́n. Ìwà tàbí èrò wọn ni wọ́n ń bá wí. Ẹ tún wo "non-professional", ẹni tí kì í fi eré bọ́ọ̀lù jẹun, àti "unprofessional", dókítà tó ń sọ àṣírí aláìsàn rẹ̀ nílé ọtí.

Ti "human" ló dùn jù. "Non-human": ewúrẹ́, ẹja, ẹ̀rọ. "Inhuman": ìkà tó burú débi pé èèyàn kì í ṣe irú rẹ̀. "Inhumane": àìláàánú, wọ́n sì máa ń lò ó púpọ̀ fún bí a ṣe ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn tàbí ẹlẹ́wọ̀n. Nínú èdè tiwa, "èèyàn kọ́" lè gbé ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì pọ̀. Ohùn ẹni tó ń sọ ọ́ ni a fi ń mọ̀ bóyá ewúrẹ́ ló ń sọ tàbí onílé tó ń gba owó ilé.

Mo rí "HIGHLY INFLAMMABLE" lẹ́yìn tánkà epo. Ṣé kì í ṣe pé kò lè jó ni?

Ẹ sá fún un! Ó lè jó, ó sì lè jó ní kíákíá. Èmi náà, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí bàbá mi ń wakọ̀ lẹ́yìn tánkà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, mo máa ń rò pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ láti fi wá lọ́kàn balẹ̀ ni. Mo kà á sí irú "incapable" àti "invisible".

In- méjì ló wà nínú Látìn. Ọ̀kan ni "kò", èyí tó wà nínú "invisible". Èkejì ni "sínú", ó sì tún ń fi agbára kún ọ̀rọ̀ nígbà míì. Òun ló wà nínú "inflame", kí nǹkan gbiná, àti nínú "inflammation", kí ojú egbò wú kó sì gbóná. "Inflammable" ni ohun tó ń tètè gbiná. Ẹ rí i pé irú àṣìkà tí mo ṣe lè pa ènìyàn. Ní àwọn ọdún 1920, ẹgbẹ́ National Fire Protection Association ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa kọ "flammable" dípò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ méjèèjì fi jẹ́ ọ̀kan náà lónìí. Òdìkejì wọn ni "non-flammable".

"Inhabitable" náà rí bẹ́ẹ̀: ibi tó ṣeé gbé ni. Èyí tí kò ṣeé gbé ni "uninhabitable". Àwọn tó ń ta ilé máa ń ṣì í kọ, ẹ ṣọ́ra.

Kí ló fà á tí in- fi ń di im-, il-, ir-?

Ètè ló fà á. Ẹ sọ "mo ń bọ̀" kíákíá, kí ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu yín ṣe sí "ń" yẹn: ó ti di "m" kí ẹ tó dé "b". Àwọn àgbà tiẹ̀ máa ń kọ ọ́ ní "mbọ̀". Ohun kan náà ló sọ "in-possible" di "impossible". Níwájú l àti r, ó wọ inú wọn pátápátá: "illegal", "irregular". Un- kì í yí padà rárá. "Unlawful" dúró bó ṣe wà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ "unable" àmọ́ "inability"? Ṣé wọ́n fẹ́ fi pa wá ni?

Ó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kó wọn sórí pọ̀: "unable" àti "inability", "unequal" àti "inequality", "unjust" àti "injustice", "unstable" àti "instability". Ọ̀rọ̀ àpèjúwe mú un-, ọ̀rọ̀ orúkọ mú in-. Un- jẹ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an, in- jẹ́ ti Látìn. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun England ní 1066, ọ̀rọ̀ Faransé àti Látìn ya wọ èdè náà bí omi, àwọn ọ̀rọ̀ orúkọ yìí sì bá ọ̀nà yẹn wọlé pẹ̀lú in- wọn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ wá fi un- tiwọn mọ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Àwọn méjèèjì kò bára wọn ṣe ìpàdé.

Kí ẹ má sì dà "inability" pọ̀ mọ́ "disability". Àìlè san owó ilé jẹ́ "inability". "Disability" ni ìpèníjà ara.

Ṣé "unlockable" túmọ̀ sí pé a kò lè tì í ni, àbí pé a lè ṣí i?

Méjèèjì! Un- ní iṣẹ́ kejì tí n kò tíì sọ. Bó bá wà níwájú ọ̀rọ̀ ìṣe, kì í sọ "kò" mọ́, ó ń tú ohun tí ọ̀rọ̀ ìṣe náà ti ṣe. A ní ọ̀rọ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan wọn, torí náà kì í dà wá láàmú: a so ó, a tú u, a tì í, a ṣí i, a wọ aṣọ, a bọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì á kàn ní "untie", "unlock", "undress". Ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti kán, tí kò ṣeé tì, "unlockable" ni. Fóònù tí wọ́n tì mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tí àwọn ọmọ Ìkẹjà lè bá yín tú, "unlockable" náà ni. Un- yìí ṣì ń bímọ títí dòní: "unfriend" ni àwọn atúmọ̀ èdè New Oxford American Dictionary mú ní ọ̀rọ̀ ọdún 2009.

"Discover" àti "uncover"?

Ẹ fọ́ "discover" sí méjì: dis- àti "cover". Wọn kò bò ó mọ́. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa pé Mungo Park ló "discover" River Niger. Oṣù keje 1796 ni ọkùnrin ará Scotland náà fojú kan odò yẹn ní Ségou, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Mali lónìí. Àwọn tó ń pẹja níbẹ̀ ń wò ó. Àwa náà sì ti ń pè é ní Odò Ọya. Lójú ta ni wọ́n wá bò ó sí? Bí ọmọ bá bi yín ní ìbéèrè yẹn, ẹ má nà án. "Uncover" yàtọ̀: ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ bo nǹkan náà ni, a wá tú u síta. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló ń "discover", akọ̀ròyìn àti ọlọ́pàá ló ń "uncover".

Ẹ bá mi ya "distrust" àti "mistrust", "immoral" àti "amoral".

Ti àkọ́kọ́, kò tó nǹkan tí èèyàn ń jà sí. "Distrust" sábà máa ń ní ìdí, ó ti já yín kulẹ̀ rí. "Mistrust" jẹ́ ìfura lásán. Ti ìkejì: "immoral" mọ rere, ó ṣe búburú. "Amoral" kò ka rere tàbí búburú sí, bí ọmọ ọwọ́ tàbí ológbò.

Mo yin pásítọ̀ wa ní "our infamous pastor" nínú ìwé ètò. Kí ló dé tí wọ́n fi ń wò mí?

Ẹ ti pè é ní olókìkí burúkú. "Infamous" kò túmọ̀ sí ẹni tí a kò mọ̀, kò sì túmọ̀ sí gbajúmọ̀ gidi. Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe ní ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ kọ "invaluable": ẹni tí iye rẹ̀ kò ṣeé dá. Ẹ má ṣe kọ "valueless" o, ìyẹn ni kò níye lórí rárá.

Ọmọ mi kọ "unpossible", wọ́n fa ìlà pupa sí i. Ṣé kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé ni?

Ó wà. Ó wà nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ ní 1611, wọ́n wá yí i padà sí "impossible" nínú àwọn ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e. Ẹ sọ fún ọmọ náà pé kò sọ ìsọkúsọ. Ṣùgbọ́n kó má kọ ọ́ mọ́, nítorí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì yẹn kò jókòó ṣe JAMB.